Bí a ṣe ń ya ìbínú olùdìbò sínú kàtúùnù

Nínú ìdìbò ààrẹ ọjọ́ 25 oṣù Kejì ọdún 2023, àwọn tó forúkọ sílẹ̀ ní Nàìjíríà lé ní mílíọ̀nù 93. Àwọn tó dìbò kò pé mílíọ̀nù 26. Bí ẹ bá ní kí ayàwòrán tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ fi ọ̀rọ̀ yìí ya kàtúùnù, olóṣèlú oníkùn rọ̀bọ̀tọ̀ tó jókòó lé àpótí ìbò ni yóò kọ́kọ́ yà. Yóò kọ ÌJỌBA sí ikùn rẹ̀, yóò kọ ARÁ ÌLÚ sára ọkùnrin gbígbẹ tí àpótí náà tẹ̀ mọ́lẹ̀. Kò sí irọ́ níbẹ̀. Àmọ́ òǹkàwé ti ń rí ikùn yẹn láti ayé Balewa, ojú rẹ̀ á kàn fò ó kọjá ni.

Ìbínú fúnra rẹ̀ kò ní ìrísí. Ìkòkò tó ṣófo ní ìrísí. Àga tí ẹnikẹ́ni ò jókòó sí ní ìrísí, àtàǹpàkò tí íńkì ò tíì kúrò lára èékánná rẹ̀ náà ní. Nǹkan bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ wá, kí ẹ tó ronú kan olóṣèlú kankan.

Àkọsílẹ̀ ṣáájú pẹ́ńsùlù

Ẹ mú ìwé kan, kí ẹ kọ gbogbo ohun tí olùdìbò fojú rí tàbí tó fọwọ́ kàn, láti ìgbà tó jí títí di ìgbà tí wọ́n kéde èsì. Ẹ má kọ ọ̀rọ̀ ńlá bíi "ìwà ìbàjẹ́" tàbí "ìjọba tiwa-n-tiwa". Nǹkan ni kí ẹ kọ. Káàdì ìdìbò. Agboòrùn tí ìyá àgbà mú dání lórí ìlà. Ẹ̀rọ BVAS tó ń yẹ àtàǹpàkò wò tí kò mọ ẹni tó ni ín. Àpótí ìbò tó mọ́ gaara. Fọ́ọ̀mù EC8A tí wọ́n ń kọ èsì ibùdó ìdìbò sí. Omi inú ọ̀rá. Títì tó dá wáí nítorí pé ọkọ̀ ò gbọdọ̀ rìn. Rédíò. Bí àkọsílẹ̀ yín kò bá tó 20, ẹ ò tíì ronú tó, torí pé mẹ́wàá àkọ́kọ́ yẹn ni gbogbo ayàwòrán yòókù náà ti kọ.

Ẹ wá bi nǹkan kọ̀ọ̀kan ní ìbéèrè mẹ́ta. Kí ni wọ́n ṣe é fún? Kí ló ṣe lọ́jọ́ náà? Kí ló jọ nínú ilé tàbí ní ọjà wa? Ibi ìdáhùn kẹta ni kàtúùnù ti ń yọjú. Ẹ fi àpótí ìbò dán an wò. Wọ́n ṣe é ní mímọ́ gaara kí màgòmágó má bàa ríbi fara pamọ́ sí. Lọ́jà, ó jọ ṣó-gíláàsì tí wọ́n ń kó búọ̀nsì sí: gbogbo ẹni tó ń kọjá ló ń rí inú rẹ̀, ẹnì kan ṣoṣo ló mú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ dání. Àwòrán ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jáde tán. Ìwé ìbò ni kí ẹ kó sínú ṣó-gíláàsì náà, kí àwọn èrò fi imú lẹ gíláàsì, kí ọwọ́ kan ṣoṣo máa yọ kọ́kọ́rọ́ nínú àpò agbádá.

Thomas Nast, ayàwòrán kàtúùnù ará Amẹ́ríkà, mọ irú ọgbọ́n yìí ní New York lọ́dún 1871, nígbà tí olóṣèlú kan, William Tweed, àti àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ ń jẹ owó ìlú náà mọ́lẹ̀. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹwàá, ìwé ìròyìn Harper's Weekly gbé àwòrán Nast jáde: Tweed fara ti ibi tí àpótí ìbò wà, ó ń bi òǹwòran pé níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé òun lòun ń ka ìbò, kí ni wọ́n fẹ́ ṣe sí i? Kò sí ẹ̀jẹ̀ níbẹ̀, kò sí ẹni tó ń sunkún. Bí ọkùnrin náà ṣe fara balẹ̀ bí ẹni wà nínú pálọ̀ ilé rẹ̀ ló ń gbóná lára ẹni tó ń wò ó.

Ìkòkò ọbẹ̀, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin

"Dìbò kí o sebẹ̀" gbòde ní Èkìtì lásìkò ìdìbò gómìnà oṣù Keje ọdún 2018, ó sì ti di orúkọ tí à ń pe ìbò rírà káàkiri ilẹ̀ Yorùbá. Ará ìlú fúnra wọn ti gbé ìkòkò lé iná fún ayàwòrán. Ohun tó kù ni kí ẹ má jẹ́ kó jóná.

Èrò àkọ́kọ́ tó máa ń wá ni olóṣèlú tó na owó, obìnrin tó na káàdì. Ẹ pa á tì. Ìròyìn nìyẹn: ó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, kò sọ ohun tó já sí.

Èrò kejì: obìnrin náà jẹ ọbẹ̀ tán, inú ń run ún. Èyí burú ju ti àkọ́kọ́ lọ, torí ó ti di ẹ̀bi obìnrin. Ẹni tí ebi ń pa tó gba ₦5,000 kọ́ ló gbé owó náà wá sí ibùdó ìdìbò. Bí àwòrán yín bá mú kí olówó máa fi tálákà rẹ́rìn-ín, ẹ ti bọ́ sí ẹ̀yìn àpò owó náà.

Nígbà tí èrò bá há báyìí, ìṣirò ló máa ń tú u. Sáà ìjọba tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 máa parí ní ọjọ́ kan náà lọ́dún 2027. Ọjọ́ 1,461 ni. Ẹ pín ₦5,000 sí 1,461, ẹ ó rí ₦3.42 lójúmọ́. Kò ra hóró Magí kan. Ẹ má kọ ìṣirò náà sínú àwòrán o. Kàtúùnù kì í ṣe pátákó ìkọ̀wé. Ẹ jẹ́ kó darí yín síbi tí ìrora wà, ìyẹn ni pé ọbẹ̀ ọjọ́ kan ni, ọjọ́ sì pọ̀.

Àwòrán náà wá rèé. Ààrò mẹ́ta, ìkòkò lórí rẹ̀, obìnrin tó kọ ẹ̀yìn sí wa tó ń fi ìgbakọ ha ìdí ìkòkò. Lára ògiri, kàlẹ́ńdà ìpolongo, irú èyí tí fọ́tò olùdíje máa ń gba ìlàjì rẹ̀. Olùdíje ń rẹ́rìn-ín, wọ́n sì ti fa ìlà sórí ọjọ́ kan péré. Ní ìsàlẹ̀: "Ọbẹ̀ ti tán. Ó ku ọjọ́ 1,460."

Ẹ ò gbọdọ̀ ya ojú obìnrin náà. Bí ẹ bá yà á, yóò di ẹnì kan pàtó, òǹkàwé á máa wò ó bóyá ó lẹ́wà tàbí ó bínú. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni kí ẹ yà, kí okùn ìró rẹ̀ ti dẹ̀, kí ẹsẹ̀ kan tẹ ẹ̀yìn bàtà mọ́lẹ̀. Ẹ̀yìn yẹn, olúkúlùkù á rí ìyá tirẹ̀ níbẹ̀.

Ibi tí ẹ gbé nǹkan sí ń ṣiṣẹ́. Láti òsì sí ọ̀tún la ń kàwé, nítorí náà ìkòkò wà lósì, kàlẹ́ńdà wà lókè lápá ọ̀tún, ọ̀rọ̀ wà nísàlẹ̀. Bí kàlẹ́ńdà bá wà lósì, òǹkàwé á ti gbọ́ ìdáhùn kó tó gbọ́ àlọ́. Lórí bébà tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 24, kí ìkòkò gba nǹkan bíi 8, kí kàlẹ́ńdà gba 4. Ẹ fi ìyókù sílẹ̀ lófìfo. Ògiri tí kò ní nǹkan lára náà ń sọ̀rọ̀ ebi.

Kí ẹ tó ya ti ńlá, ẹ ya kéékèèké mẹ́fà, sẹ̀ǹtímítà 6 sí 5, ìṣẹ́jú méjì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ẹlòmíràn bá lóye láìbéèrè nínú wọn ni kí ẹ mú. Lẹ́yìn náà, ẹ fi àtàǹpàkò bo nǹkan kọ̀ọ̀kan lójú. Bí ìtumọ̀ kò bá yí padà, ẹ pa nǹkan náà rẹ́. Ajá tó sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò máa ń wu ayàwòrán púpọ̀. Ajá náà gbọ́dọ̀ lọ.

Bí ẹ ó ṣe ya iye

Ẹ padà sí ìdìbò 2023 yẹn. Ìdá tó dìbò nínú àwọn tó forúkọ sílẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi 26.7 nínú ọgọ́rùn-ún. Kò sí ẹni tó lè ka ọgọ́rùn-ún èèyàn nínú kàtúùnù, àmọ́ 4 nínú 15 bá iye yẹn mu rẹ́gí, ojú sì lè ka 15. Ẹ ya àga oníke 15, irú èyí tí wọ́n ń háyà fún òde, kí èèyàn jókòó sí mẹ́rin péré. Ẹ má tò wọ́n sí ìlà kan ṣoṣo: lórí bébà sẹ̀ǹtímítà 24, àga kọ̀ọ̀kan ò ní ju 1.6 lọ, wọn yóò sì dà bí eyín. Ìlà mẹ́ta, àga márùn-ún lórí ìlà kọ̀ọ̀kan, ìyẹn fún àga kan ní 4.8.

Bí àga 11 bá ṣófo bẹ́ẹ̀ lásán, òǹkàwé lè rò pé ọ̀lẹ ni àwọn tí kò wá. Ẹ gbé kẹ́ẹ̀gì epo sórí ọ̀kan. Ẹ gbé káàdì ATM sórí òmíràn, torí oṣù Kejì yẹn náà ni owó náírà wọ́n bí ojú. Ẹ gbé báàgì ìrìnàjò sórí ẹ̀kẹta, fún àwọn tó ti jápa. Ẹ dúró síbẹ̀. Mẹ́ta tó, bí ẹ bá di ẹrù lé gbogbo mọ́kọ̀ọ̀kànlá, òfìfo tí ẹ fẹ́ fi hàn ti lọ nìyẹn.

Òwe, àti ewu rẹ̀

Àwòrán ẹ̀fẹ̀ là ń pè é, ọ̀rọ̀ náà sì ti wà kí ìwé ìròyìn tó dé. Ní Kétu àti agbègbè rẹ̀, alẹ́ Ẹ̀fẹ̀ ló ń ṣáájú ọ̀sán Gẹ̀lẹ̀dẹ́, wọ́n á máa fi ìwà ẹni tó ṣe àìdáa láàárín ìlú kọrin, ì báà jẹ́ ọlọ́lá. Òǹkàwé Yorùbá ti mọ bí wọ́n ṣe ń gbọ́ àbùkù tí wọ́n fi orin àti òwe wé. Ìdí nìyẹn tí kíkọ òwe odindi sábẹ́ àwòrán fi ń ba iṣẹ́ jẹ́: àwòrán á di àpèjúwe òwe, òwe á sì ti parí ọ̀rọ̀ kí ojú tó dé ibẹ̀.

Ẹ ya ìdajì, kí òǹkàwé fi ẹnu ara rẹ̀ parí rẹ̀. Gbogbo wa mọ̀ pé a kì í fárí lẹ́yìn olórí. Ìdìbò gómìnà Ọ̀ṣun wáyé ní Sátidé, ọjọ́ 22 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2018. Ìbò 353 ló wà láàárín ẹni àkọ́kọ́ àti ẹnì kejì, àjọ INEC ní ìdìbò náà kò tíì parí, wọ́n sì tún un dì ní ibùdó méje ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e. Ẹ ya onígbàjámọ̀ tó fá ìlàjì orí oníbàárà, tó ń nu abẹ, tó ń wí pé: "Ó di Ọjọ́bọ̀." Ẹ má fi ọ̀rọ̀ kankan kún un. Òwe náà ti wà lọ́kàn òǹkàwé, òun fúnra rẹ̀ ni yóò fà á yọ.

Ojú èèyàn

Bí ẹ bá tilẹ̀ fẹ́ ya ẹni tí gbogbo ayé mọ̀, ẹ kó fọ́tò márùn-ún jọ, láti ọdún ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ wò wọ́n fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ dà wọ́n dojú bolẹ̀, kí ẹ yà á láti inú orí. Ohun tí ọwọ́ yín bá rántí ni àmì rẹ̀. Ìyókù ẹran ara lásán ni. Ẹ mú àmì kan péré, kí ẹ fi ìdá kan nínú mẹ́ta kún títóbi rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ imú, ẹ tún fẹ etí, ẹ tún fẹ àgbọ̀n, ojú náà á padà di ojú gbáàtúẹ̀yọ̀, torí pé ìyàtọ̀ láàárín wọn ló ń jẹ́ ká mọ èèyàn.

Charles Philipon, ayàwòrán ẹ̀fẹ̀ ará Faransé tí wọ́n fẹ̀sùn kàn pé ó fi àwòrán bú ọba, fi èyí han ilé ẹjọ́ ní Paris lọ́dún 1831: ó ya orí ọba Louis-Philippe nígbà mẹ́rin, díẹ̀díẹ̀, títí ó fi di èso píà, ó sì ní bóyá píà náà ni wọn yóò fi sẹ́wọ̀n. Lọ́dọ̀ tiwa, fìlà ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Fìlà Awólọ́wọ̀ pẹ̀lú awò ojú róbótó ti tó, a ò nílò imú. Fìlà Tinubu, àmì tó dà bíi 8 tó dùbúlẹ̀ ti tó. Fìlà tí wọ́n gbé sórí àga lásán lè sọ ẹni tó jókòó níbẹ̀ àti pé kò sí níbi iṣẹ́.

Ilà ojú, ohùn ẹ̀yà, kẹ́tùlù lọ́wọ́ Hausa, báàgì owó lọ́wọ́ Igbo: ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Ayàwòrán tó bá yà wọ́n lásìkò ìbò ti kúrò lórí ẹni tó kó owó jẹ, ó ti wà lórí aládùúgbò rẹ̀. Àìsàn àti ọjọ́ ogbó náà, iṣẹ́ ọ̀lẹ ni wọ́n sábà máa ń jẹ́, àyàfi bí wọ́n bá ń dí iṣẹ́ ìjọba lọ́wọ́ lójú gbogbo èèyàn.

Ọ̀rọ̀ inú àwòrán

Ibí ni kàtúùnù Yorùbá ti ń ṣubú jù. Olóṣèlú dúró níwájú èrò, ó ní: Ẹ GBÉ ỌWỌ́ SÓKÈ. Àwòrán kéré sí i, àmì abẹ́ ỌWỌ́ parẹ́, ó di: Ẹ GBÉ OWÓ SÓKÈ. Bí ẹ bá fẹ́ bẹ́ẹ̀, ó dùn. Bí ẹ kò bá fẹ́ bẹ́ẹ̀, àwòrán ti jẹ́ iṣẹ́ tí ẹ ò rán an.

Ohun tó ń fà á kò ju méjì lọ. Èkíní, wọ́n máa ń fi bírò tó tín-ín-rín ju ti lẹ́tà lọ kọ àmì; bí àwòrán bá kéré sí ìlàjì, lẹ́tà á dúró, àmì á lọ. Bírò kan náà ni kí ẹ fi kọ méjèèjì. Èkejì, àlàfo láàárín ìlà ọ̀rọ̀ kì í tó. Ẹni tó ń kọ Gẹ̀ẹ́sì lè fi mìlímítà 3 sílẹ̀. Ẹ̀yin, ẹ fi 5 sílẹ̀ ó kéré tán, kí àmì abẹ́ ìlà òkè má bàa fara kan àmì ohùn ìlà ìsàlẹ̀. Lábẹ́ Ẹ, Ọ àti Ṣ, ẹ fa ìlà kúkúrú kan lóòró, mìlímítà 1, kí ó jìnnà sí lẹ́tà ní mìlímítà 1. Àmì kíńkíní tó rí róbótó bí àmì ìdánudúró máa ń lẹ̀ mọ́ lẹ́tà lórí fóònù.

Lẹ́tà tó ga ní mìlímítà 6 dára fún ìwé ìròyìn tó máa tẹ̀ ẹ́ ní ìlàjì. Fún fóònù, ẹ gbé e dé 9: lórí ojú fóònù tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 6.5, 9 yẹn á di nǹkan bíi 2.4, ojú àgbà ṣì lè kà á. Ọ̀rọ̀ inú àwòrán kò gbọdọ̀ ju 12 lọ. Ẹ fọwọ́ kọ ọ́. Ọ̀pọ̀ fọ́ǹtì kàtúùnù ni kò ní Ẹ àti Ọ, àmì ohùn inú wọn á máa fò kiri bí eṣinṣin.

Kí ẹ tó fi íńkì sí i, ẹ ní kí ẹlòmíràn ka ọ̀rọ̀ náà sókè láìrí àwòrán. Bí ó bá kọsẹ̀, ẹ tún un kọ.

Íńkì àti skánà

Bébà A4 tó ki, gíráàmù 160 sí 200, ẹ dá a dùbúlẹ̀, kí ẹ ya férémù sẹ̀ǹtímítà 24 sí 20 sínú rẹ̀. Pẹ́ńsùlù HB, fẹ́ẹ́rẹ́. Bírò 0.8 fún nǹkan àkọ́kọ́ tí ojú gbọ́dọ̀ rí, 0.5 fún ìyókù àti fún ọ̀rọ̀, 0.3 fún ilẹ̀ àti ògiri. Ohun tó bá kéré ju 0.3 lọ, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé á gbé e mì. Bí ẹ bá ń fa ìlà òjìji, kí mìlímítà 1.5 wà láàárín wọn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wọn á di àbàwọ́n dúdú kan lórí bébà ìwé ìròyìn.

Ẹ dúró fún 20 ìṣẹ́jú kí ẹ tó fi ìrésà pa pẹ́ńsùlù rẹ́. Lásìkò òjò, ẹ dúró ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ skán an ní 600 dpi, dúdú àti funfun. Bí fóònù nìkan ló wà, ẹ gbé bébà sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé lówùúrọ̀, ẹ má tan fúláàṣì, kí fóònù bá bébà dọ́gba, kí ẹ wá gbé ìtànṣán rẹ̀ sókè títí eérú inú funfun yóò fi kúrò. Ìwọ̀n 1080 sí 900 pixel bá férémù yẹn mu. Lórí WhatsApp, ẹ fi ránṣẹ́ sí olóòtú bíi dọ́kúmẹ́ǹtì. Bí ẹ bá fi ránṣẹ́ bíi fọ́tò, WhatsApp á fún un mọ́ra, àmì abẹ́ ló sì máa ń kọ́kọ́ kú.

Ọjọ́ ìbò gan-an

Ìdìbò ààrẹ ọdún 2019 yẹ kó wáyé ní ọjọ́ 16 oṣù Kejì. Òru mọ́jú ọjọ́ yẹn ni wọ́n kéde pé ó di ọjọ́ 23. Kàtúùnù tó ń kí olùdìbò kú oríire ní Sátidé yẹn ti di àwàdà tí ayàwòrán rẹ̀ ò rò. Ẹ máa ní àwòrán kéékèèké mẹ́ta nílẹ̀: ọ̀kan bí wọ́n bá sún un síwájú, ọ̀kan bí èsì kò bá parí, ọ̀kan bí ó bá parí wọ́ọ́rọ́wọ́. Èyí tó kẹ́yìn ló ṣòro jù láti yà.

Ẹ má fi ọ̀rọ̀ tí ẹnì kan ò sọ sí i lẹ́nu bí ẹni pé ó sọ ọ́; àwọn èèyàn á gé àwòrán kúrò, wọn á máa pín ọ̀rọ̀ náà bíi ìròyìn. Bí ẹ bá ya fọ́ọ̀mù èsì, ẹ má kọ nọ́ńbà ibùdó gidi sórí rẹ̀, ẹ má sì jẹ́ kó jọ ojúlówó. Ẹ má ya ẹni tí ilé ẹjọ́ ò tíì dá lẹ́bi bí olè tó wọ aṣọ ẹ̀wọ̀n. Ẹjọ́ ìbanilórúkọjẹ́ ń bẹ, òfin ìwà ọ̀daràn orí íńtánẹ́ẹ̀tì ti ọdún 2015 náà ń bẹ, wọ́n sì tún un ṣe lọ́dún 2024. Ohun tó ti wà ní gbangba pọ̀ ju ohun tí ẹ lè yà lọ.

Ó ku ìbuwọ́lù. Akínọlá Láṣekan, tó ń ya kàtúùnù fún ìwé ìròyìn West African Pilot ti Azikiwe láti àwọn ọdún 1940, lẹ́tà mẹ́rin péré ló ń kọ: Lash. Kúkúrú ni kí tiyín náà jẹ́, kí ó sì dá yàtọ̀. Ẹ má kọ ọ́ sí igun ìsàlẹ̀ níbi tí wọ́n ti lè gé e dànù. Nínú àwòrán ìkòkò wa, ara òkúta ààrò ni kí ẹ kọ ọ́ sí.